Oògùn Wà, Ọ̀nà Ni Kò Já Gaara: Bí Gúúsù Áfíríkà Ṣe Dí Ọ̀nà HIV Láti Ara Ìyá sí Ara Ọmọ

Ọ̀nà mẹ́ta ni kòkòrò HIV, èyí tí ń fa àrùn éèdì, ń gbà kọjá láti ara ìyá sí ara ọmọ. Ó lè kọjá nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún. Ó lè kọjá nígbà ìrọbí àti ìbímọ. Ó sì lè kọjá nínú wàrà ọmú. Bí a kò bá ṣe ohunkóhun láti dí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí àwọn ìyá tí ó ní kòkòrò yìí bá bí, láti 15 títí dé 45 ni yóò kó o. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo iye yìí yóò rí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí: àní láìsí ìtọ́jú rárá, àwọn ọmọ tí ó yè é pọ̀ ju àwọn tí ó kó o lọ. Nítorí náà, irọ́ ni àwọn tí ń sọ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ní HIV kò ní ọ̀nà àbáyọ ń pa. Ilẹ̀kùn ni ó ṣí sílẹ̀; ilẹ̀kùn sì ṣeé tì. Bí wọ́n ṣe tì í ní Gúúsù Áfíríkà, àti ohun tí ó mú kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tì í, ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994, kò sí oògùn kankan tí a ti fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ó lè dá kòkòrò náà dúró lójú ọ̀nà. Ní ọdún náà ni èsì ìwádìí kan tí a ṣe ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Faransé jáde. Wọ́n fún àwọn aboyún kan ní oògùn zidovudine, tí gbogbo ayé mọ̀ sí AZT; wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Nínú ọmọ àwọn tí kò rí oògùn lò, ìdá 25.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kó kòkòrò. Nínú ọmọ àwọn tí ó lò ó, ìdá 8.3 péré ni. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ewu náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ètò lílo oògùn yìí kò rọrùn. Ìyá yóò máa gbé e mì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọn yóò fà á sí i nínú iṣan nígbà ìrọbí, ọmọ náà yóò sì máa mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ní ìgbèríko Áfíríkà kò ní owó rẹ̀, kò sì ní òṣìṣẹ́ tí yóò ṣe é.

Àwọn onímọ̀ kò sinmi lórí èyí. Ní ọdún 1998, ìròyìn dé láti Thailand pé bí aboyún bá lo AZT ní oṣù tí ó kẹ́yìn oyún nìkan, ewu náà yóò dín kù sí ìdajì láàárín àwọn ìyá tí kò fún ọmọ lọ́mú. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìròyìn tí ó tún dùn ju èyí lọ wá láti ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, ní Uganda. Oògùn mìíràn ni èyí, nevirapine ni orúkọ rẹ̀. Hóró kan ṣoṣo ni ìyá yóò gbé mì nígbà tí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì kán ìwọ̀nba díẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu kí ó tó pé ọjọ́ mẹ́ta láyé. Àwọn ìyá wọ̀nyí ń fún ọmọ lọ́mú gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ilẹ̀ wa ti ń ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta àbọ̀, ìdá 13.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti kó kòkòrò, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 25.1 láàárín àwọn tí a fún ní AZT fún ìgbà kúkúrú. Ní oṣù Keje ọdún 2000, iléeṣẹ́ tí ó ń ṣe oògùn náà kéde pé òun yóò fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún márùn-ún. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò tún lè fi owó oògùn ṣe àwáwí mọ́.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára ju Gúúsù Áfíríkà lọ. Ní ọdún 1990, nínú ọgọ́rùn-ún aboyún tí ń lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀, àwọn tí ó ní HIV kò tó ẹyọ kan. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2000, wọ́n ti di 24.5, ní KwaZulu-Natal, ìpínlẹ̀ àwọn Zulu ní etíkun ìlà-oòrùn, wọ́n ti lé ní 36. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó àwọn ọkùnrin lọ sí ibi ìwakùsà, ó fi àwọn aya wọn sílẹ̀ ní abúlé. Irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àrùn tí ń gba ọ̀nà ìbálòpọ̀ ń fẹ́. Ilé tí ìjọba tuntun jogún ní ọdún 1994 ti ń jò kí ó tó wọ inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún ilé tí ń jò, orí òrùlé ni ó yẹ kí ó gùn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998, Nkosazana Dlamini-Zuma, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, kéde pé ìjọba kò ní fún àwọn aboyún ní AZT nítorí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí Thabo Mbeki di ààrẹ ní ọdún 1999, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti owó. Ó sọ ní gbangba pé oògùn náà léwu fún ara, ó sì ń ṣe iyèméjì bóyá HIV ni ó ń fa éèdì lóòótọ́. Manto Tshabalala-Msimang, mínísítà ètò ìlera tirẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá.

Ní oṣù Keje ọdún 2000 tí gbogbo ayé péjọ sí Durban fún àpérò àgbáyé lórí éèdì, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tí ń jẹ́ Nkosi Johnson dìde níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. A bí i pẹ̀lú HIV ní ọdún 1989. Ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n fún àwọn aboyún tí ó ní kòkòrò náà ní AZT, kí ó má baà máa ràn mọ́ ọmọ. Ọmọ náà kú ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2001.

Ohun tí ìjọba ṣe ni pé ó yan ibùdó 18, méjì-méjì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ní ibẹ̀ nìkan ni a ó ti fún àwọn aboyún ní nevirapine títí ìwádìí yóò fi parí. Kò yẹ kí a fi ẹ̀tọ́ du ìjọba: ẹ̀rù tí ó bà á pé hóró kan ṣoṣo lè mú kí kòkòrò náà di èyí tí oògùn kò tún ràn mọ́ kì í ṣe irọ́ lásán, nítorí àwọn onímọ̀ padà rí i pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tí ó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba níbòmíràn, tí ó mọ̀ pé aboyún tí ó wà níwájú òun ní HIV, tí ó sì mọ̀ pé hóró oògùn kan lè gba ọmọ inú rẹ̀ là, kò láṣẹ láti fún un. Èyí ni ẹgbẹ́ Treatment Action Campaign, tí Zackie Achmat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ ní ọdún 2001. Ilé-ẹjọ́ gíga ní Pretoria dá wọn láre ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2002, gbogbo àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lórí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà fi ohùn ṣọ̀kan pé ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ìlera wà nínú òfin, àti pé kí ìjọba mú ìdènà náà kúrò láìfi falẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Harvard ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 35,000 ọmọ ni a bí pẹ̀lú HIV láàárín ọdún 2000 sí 2005 nítorí pé ètò náà kò tètè bẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ti ń parí ọ̀rọ̀, bí ẹni pé ìdájọ́ ni ó gbé oògùn sí aboyún lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún 2004 àti 2005, Nigel Rollins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí àwọn ibi tí wọ́n ti ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní KwaZulu-Natal, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ó wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ìyá wọn ní HIV, ìdá 20.8 ti kó o. Oògùn ti wà nínú àpótí, òfin ti wà nínú ìwé, síbẹ̀ ọmọ kan nínú márùn-ún ń kó àrùn tí ó ṣeé dènà.

Kí ni ó fà á? Ìdáhùn rẹ̀ kò ní ariwo nínú bíi ti ilé-ẹjọ́, bóyá nítorí náà ni a kì í fi í sọ ìtàn. Ìdènà HIV láti ara ìyá sí ọmọ kì í ṣe iṣẹ́ kan. Iṣẹ́ púpọ̀ ni ó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Obìnrin gbọ́dọ̀ wá sí ilé ìwòsàn nígbà tí oyún kò tíì dàgbà jù. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ là á lọ́yẹ̀ẹ́, kí ó gbà kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò, kí ó sì gbọ́ èsì rẹ̀. Bí ó bá ní HIV, a gbọ́dọ̀ tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara, tí a ń pè ní CD4, ti kù sí, kí a lè mọ̀ bóyá ó ti tó ẹni tí yóò máa lo oògùn títí ayé. Ó gbọ́dọ̀ padà wá gbọ́ èsì yẹn. Ó gbọ́dọ̀ rí oògùn gbà, kí ó sì lò ó lásìkò. Ọmọ gbọ́dọ̀ rí tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n gbé ọmọ padà wá fún àyẹ̀wò, kí èsì náà sì dé ọwọ́ ìyá.

Olùkọ́ lè fi ìṣirò kan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú pátákó. Ká ní ilé ìwòsàn kan ń ṣe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún 80 nínú ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni yóò fún ní máàkì tí ó dára, tí ìgbésẹ̀ náà sì jẹ́ márùn-ún. Obìnrin 80 ni yóò kọjá èkíní, 64 ni yóò kọjá èkejì, 51 ni yóò kọjá ẹ̀kẹta, 41 ni yóò kọjá ẹ̀kẹrin, 33 péré ni yóò sì dé òpin. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan tí ó ya ọ̀lẹ, kò sí ẹni tí a lè bá wí, síbẹ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìyá ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ibi tí wọ́n ń bọ́ sí kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Wọ́n á ní kí obìnrin padà wá ní ọjọ́ mìíràn fún àyẹ̀wò, kò sì ní owó ọkọ̀ ọjọ́ mìíràn. Èsì CD4 á pẹ́ kí ó tó dé láti ibi àyẹ̀wò. Nígbà tí ó bá dé, obìnrin ti bímọ. Wọn kò kọ ipò ìyá sí káàdì ọmọ, nítorí náà nọ́ọ̀sì tí ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ kò mọ̀ pé ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ òun ni ó yẹ kí a yẹ wò.

Ní Amajuba, àgbègbè kan ní àríwá KwaZulu-Natal, Tanya Doherty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jókòó, kí àwọn òṣìṣẹ́ náà fúnra wọn yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Wọn kò mú oògùn tuntun wá. Wọ́n ka iye obìnrin tí ó kọjá ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e síwájú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n jọ ronú ibi tí ó ti ń jò, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún kà á. Àwọn aboyún tí ó ní HIV tí a yẹ CD4 wọn wò gòkè láti ìdá 40 dé 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ìyá tí ó rí nevirapine gbà gòkè láti 57 dé 96. Àwọn ọmọ tí ó rí tiwọn gbà gòkè láti 15 dé 68, àwọn tí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gòkè láti 24 dé 68. Ó yẹ kí ènìyàn tún nọ́ńbà kẹta wò: kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ 15 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó rí oògùn tí ilé-ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí a fún un.

Ọgbọ́n yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Walter Shewhart, tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ tẹlifóònù Bell ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ fi ìlà tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀ lórí ìwé ṣe ìṣọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ní ọdún 1924. W. Edwards Deming gbé e lọ kọ́ àwọn ará Japan ní ọdún 1950. Donald Berwick, dókítà àwọn ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá mú un wọ inú ètò ìlera. Wọ́n dá Institute for Healthcare Improvement sílẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tí ó sì di ọdún 1995 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó òṣìṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn jọ lórí ìṣòro kan ṣoṣo. Ìlànà wọn kò le. Àwọn ẹgbẹ́ náà yóò pàdé, wọn yóò fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n ń lépa àti bí wọn yóò ṣe máa wọ̀n ọ́n. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò padà sílé lọ dán ìyípadà kékeré kan wò. Wọn yóò tún pàdé, ẹni tí tirẹ̀ yọrí yóò sọ bí ó ṣe ṣe é, ẹni tí tirẹ̀ kò yọrí yóò sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀nà ìṣẹ́gun ẹnìkan kì í ṣe àṣírí mọ́. Yorùbá kò nílò kí ará Boston wá kọ́ òun pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ohun tí ó tuntun níbẹ̀ ni kíkà á, kí a sì jẹ́ kí ìṣirò sọ bóyá ọwọ́ náà bà á tàbí kò bà á.

Ilé-iṣẹ́ Berwick yìí, Yunifásítì KwaZulu-Natal àti ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ náà jọ dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní 20,000+ Partnership. Àgbègbè mẹ́ta ni ó kó mọ́ra: eThekwini, níbi tí Durban wà, Ugu, ní etíkun gúúsù, àti uMgungundlovu, níbi tí Pietermaritzburg wà. Ohun tí wọ́n ń lépa ni pé kí àwọn ọmọ tí ń kó o má tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdènà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé ni ìwé àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ iye tí àwọn ilé ìwòsàn tí ó lé ní 300 ní àgbègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ránṣẹ́ wò, nǹkan bí ìdajì ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ ni wọ́n kọ. Èyí tí ó péye nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀gá tí ó jókòó sí ọ́fíìsì ń fi iye tí kò rí bẹ́ẹ̀ ṣètò ìlera ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Wọ́n kọ́ àwọn akọ̀wé àti nọ́ọ̀sì, wọ́n ń yẹ ìwé wò lóṣooṣù, wọ́n sì ń dá èsì padà fún ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó lè rí i pé ohun tí òun kọ wúlò fún nǹkan. Nínú ìwọ̀n mìíràn tí wọ́n ṣe lórí iṣẹ́ yìí, pípé àkọsílẹ̀ gòkè láti ìdá 26 dé 64 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpéye rẹ̀ sì gòkè láti 37 dé 65. Kò tíì dára tó, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní àfọ̀njú.

Oògùn náà kò dúró sójú kan. Ní ọdún 2008, ìjọba fi AZT kún nevirapine. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, lábẹ́ mínísítà tuntun, Aaron Motsoaledi, aboyún lè bẹ̀rẹ̀ oògùn láti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá oyún, ọmọ tí ń mu ọmú sì ń rí nevirapine lò. Ìwádìí tí a ṣe ní KwaZulu-Natal ní ọdún 2008 àti 2009 fi hàn pé ìdá 20.8 ti di 7.1 fún ọmọ tí ó wà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ó jẹ́ 3.5 ní ọdún 2010, 2.7 ní ọdún 2011, àti 2.6 ní ọdún 2012 sí 2013.

Ta ni ó ni ìyìn? Àwọn kan ń fi gbogbo rẹ̀ fún oògùn tuntun, àwọn mìíràn ń fi í fún ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́. Kò sí bí a ṣe lè fi ọ̀bẹ là á sí méjì, nítorí ohun méjèèjì ṣẹlẹ̀ pọ̀ nínú ọdún kan náà. Ohun tí Amajuba fi hàn ni pé ètò kan náà, oògùn kan náà, lè dé ọ̀dọ̀ ìlọ́po mẹ́rin ọmọ bí àwọn tí ń fi í fúnni bá ń ka iṣẹ́ wọn. Oògùn tí ó sàn jù tí a dà sínú ẹ̀wọ̀n tí ń jò yóò jò dànù bí ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ ìpàdé di oògùn ajẹ́bíidán. Ní àríwá Nàìjíríà, Bolanle Oyeledun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú ọgbọ́n yìí wò ní ilé ìwòsàn 32, wọ́n fi àwọn tí ó ṣe é wé àwọn tí kò ṣe é, láti mọ̀ bóyá àwọn ìyá yóò ṣì máa wá gba ìtọ́jú ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017, kò sí ìyàtọ̀ gúnmọ́ láàárín àwọn méjèèjì; ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ní ìhà kìíní àti ìhà kejì ni kò padà wá mọ́. Ohun tí ó lé obìnrin kúrò ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀nà tí ó jìn, owó ọkọ̀, ẹnu àwọn aráàlú, ọkọ tí kò mọ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó wà ní ìkáwọ́ nọ́ọ̀sì.

Lẹ́yìn ìbímọ náà ni ìṣòro tí ó kù ní Gúúsù Áfíríkà wà jù. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2013, wọ́n ń fún gbogbo aboyún tí ó ní HIV ní hóró kan lójúmọ́, ohun yòówù kí CD4 rẹ̀ jẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, wọ́n ní kí ó máa lò ó títí ayé. Ìdènà nínú oyún àti nígbà ìbímọ ti múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá lè ṣíwọ́ oògùn nígbà tí ó bá kó lọ sí ìlú mìíràn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Obìnrin tí àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ nígbà oyún sì lè kó HIV nígbà tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, ìgbà yẹn gan-an sì ni kòkòrò náà ń pọ̀ jù nínú ara. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú, nítorí ìwé sọ pé ara rẹ̀ mọ́. Nítorí èyí ni ìlànà ilẹ̀ náà ṣe ní kí a máa tún ẹ̀jẹ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò léraléra nínú oyún, kí a sì máa ṣe é lọ títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ìgbésẹ̀ mìíràn tún ti kún àwọn ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ibi àbẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣe é, níwọ̀n bí ìyá kò ti ní pa ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ jẹ kódà bí ó bá pa ti ara rẹ̀ jẹ.